Ta Ló Di Àpò Mú? Ìtàn Ìgbìmọ̀ Ilé Ìwé àti Ilé Ìwòsàn láti Bouaké dé Botro

Ní ogúnjọ́ oṣù kìíní ọdún 1995, ìjọba Côte d'Ivoire gbé àṣẹ kan jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni 95-26. Àṣẹ náà ní kí ilé ìwé ìjọba ní ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀, kí òbí àti olùkọ́ jọ máa mójú tó o. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà gùn lédè Faransé, nítorí náà wọ́n gé e kúrú sí COGES. Lónìí, bí ẹ bá dé Botro, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Bouaké, tí ẹ bi òbí kan pé ta ló ra bẹ́ǹṣì tí ọmọ rẹ̀ jókòó lé, ó ṣeé ṣe kó dárúkọ COGES. Bó bá sì ń ráhùn pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun nígbà ìwọlé ti pọ̀ jù, COGES náà ni yóò dárúkọ. Orúkọ tó ń gba ìyìn ló ń gba èébú.

Ìtàn ìgbìmọ̀ yìí tó sọ, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí kò yọ àwùjọ kankan sílẹ̀: nígbà tí owó bá di ti gbogbo ènìyàn, ta ni kó di àpò mú, ta sì ni kó bi ẹni tó dì í mú léèrè?

Botro kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹ̀ka mẹ́rin ló para pọ̀ di ẹkùn Gbêkê, Bouaké, Béoumi, Sakassou àti Botro, Bouaké sì ni olú-ìlú rẹ̀. Lábẹ́ Botro ni Diabo, Languibonou àti Krofoinsou wà. Àwọn Baoulé ló ni ilẹ̀ náà, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kajú sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn sí oko wọn. Bí ọ̀ràn bá ju agbára Botro lọ, Bouaké ni wọ́n ń gbé e lọ: ibẹ̀ ni ọjà ńlá, ilé ìwòsàn ńlá àti yunifásítì wà. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Àbíjàn gbéra wọ Bouaké ní ọdún 1912, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn wa wà lára wọn. Anàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìlú tí ọmọ wọn pọ̀ jù ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì létí ẹni tó jókòó sílé ní Èjìgbò. Anàgó tó bá bímọ sí Bouaké, tó sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwé ìjọba, òun àti COGES ti di ojúlùmọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó ti òkè wá

Láyé àwọn Faransé, kò sí ẹni tó ń bi abúlé léèrè kí wọ́n tó kọ́ ilé ìwé síbẹ̀. Òyìnbó aláṣẹ pàṣẹ, baálẹ̀ fa ọmọ sílẹ̀, olùkọ́ dé láti ibòmíràn. Félix Houphouët-Boigny, ọmọ Baoulé tó di ààrẹ àkọ́kọ́, gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá dé ilé ìwé William-Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gà, kó tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1960, ìjọba tuntun da owó rẹpẹtẹ sórí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìlànà kò yí padà. Àbíjàn ń pinnu, abúlé ń gbà.

Bouaké gan-an ni wọ́n ti dán irú ìlànà yìí wò dé góńgó. Ní ọdún 1971, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibùdó rẹ̀ sí Bouaké. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ti ń ya á. UNESCO, Báǹkì Àgbáyé, ilẹ̀ Faransé àti Kánádà lọ́wọ́ nínú ìnáwó náà. Ní abúlé tí kò ní iná mànàmáná, bátìrì ni wọ́n fi ń tan tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí kò tíì fojú kan Àbíjàn rí á jókòó, á máa wo ẹni tó ń kọ́ ọ ní Faransé láti inú àpótí. Olùkọ́ tirẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, á máa retí ìgbà tí ọ̀rọ̀ yóò kan òun. Tó bá di alẹ́, ó kan àwọn àgbà. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Télé pour tous, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo ènìyàn. Ará abúlé á kó ara wọn jọ sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á wo ètò lórí omi mímu, ìlera àti iṣẹ́ oko, olùkọ́ á sì là á yé wọn. Ẹ̀kọ́ àti àlàáfíà ara wọlé sí yàrá kan náà nígbà náà lọ́hùn-ún.

Ìmọ̀ wà nínú ètò yìí, owó wà níbẹ̀, àmọ́ òbí kò sí níbi tí wọ́n ti ń gbèrò rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Àwọn òbí ní ọmọ àwọn ń sọ Faransé lẹ́nu, kò sì lè kọ ọ́ gún. Àwọn olùkọ́ ní àpótí ti gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ bá kò sí ládùúgbò, nítorí náà ìráhùn náà di ariwo, ariwo náà pàdé gbèsè ìjọba lọ́nà. Ní ọdún 1982, wọ́n pa ètò náà tì. Ó bẹ̀rẹ̀ láìbi ará abúlé léèrè, ó sì parí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àpò ìjọba gbẹ

Owó ló yí ìtàn náà padà. Láàárín àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n ń ra kòkó àti kọfí já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, gbèsè sì gorí gbèsè. Báǹkì Àgbáyé àti IMF ní kí ìjọba dín ìnáwó kù. Ní ọdún 1991, owó oṣù tí wọ́n là sílẹ̀ fún olùkọ́ tuntun kéré gan-an sí ti àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú wọn. Houphouët-Boigny kú ní ọjọ́ 7, oṣù kejìlá, ọdún 1993. Kí ó tó pé oṣù méjì, ní oṣù kìíní ọdún 1994, iye sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, já sí ìdajì: 50 sẹ́fà ló ń pààrọ̀ fún owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Ìwé, oògùn, páànù, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá, ló fò sókè. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni àṣẹ COGES jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìgbà tí ẹrù fẹ́ ṣẹ́ ìjọba lọ́rùn ló tó rántí pé òun ní aládùúgbò. Èyí kò sọ COGES di ohun burúkú. Àmọ́ ó jẹ́ ká mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí òbí mọ̀ nípa rẹ̀ ni owó tí yóò san. Ohùn tí yóò ní nínú ìpàdé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ilé ìwòsàn ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú ilé ìwé. Ní ọdún 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n fẹnu kò pé kí ibùdó ìlera máa ta oògùn tó ṣe kókó ní owó pọ́ọ́kú. Kí owó náà má lọ sí olú-ìlú, kí ó dúró ládùúgbò, kí wọ́n fi ra oògùn mìíràn. Kí ìgbìmọ̀ ará àdúgbò sì máa ṣọ́ àpò náà. Nígbà tí Côte d'Ivoire mú ìlànà yìí lò, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ibùdó ìlera náà ń jẹ́ COGES. Ìdí nìyẹn tí ìlú kan fi lè ní COGES méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ara. Ìyá kan náà ló ń mú ọmọ lọ síbi méjèèjì, láti inú àpò kan náà ló sì ti ń sanwó.

Ṣùgbọ́n àṣẹ lè dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kò lè dá ìgbẹ́kẹ̀lé sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí ìwé ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀gá ilé ìwé àti àwọn sàràkí ìlú yóò pín oyè láàárín ara wọn, àwọn òbí tó kù yóò wá gbọ́ iye tó kàn wọ́n. Ẹni tí kò dìbò yan alága kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ bó bá fẹ́ yọ ọ́.

Àwọn tó dúró nígbà ogun

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀. Àbíjàn kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n gba Bouaké àti Korhogo. Bouaké di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, tí wọ́n wá ń jẹ́ Forces Nouvelles lábẹ́ Guillaume Soro. Orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì, Botro sì bọ́ sí apá àríwá tó wà lọ́wọ́ wọn.

Olùkọ́, nọ́ọ̀sì, dókítà àti akọ̀wé ìjọba sá gba gúúsù lọ. Yunifásítì Bouaké kó lọ sí Àbíjàn. Ọgbà ilé ìwé pàápàá di ibùdó ogun: ní ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 2004, ọkọ̀ òfuurufú ìjọba ju bọ́ǹbù sí ilé ìwé Descartes ní Bouaké, níbi tí àwọn ọmọ ogun Faransé tẹ̀dó sí. Ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ará Amẹ́ríkà kan ló kú.

Ta ló wá ń ṣílẹ̀kùn ilé ìwé láràárọ̀? Àwọn olùkọ́ díẹ̀ tí kò lọ, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ti kàwé dé ìwọ̀n kan, tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì láìsí owó oṣù. Bénévole ni wọ́n ń pè wọ́n. Òbí ló ń bọ́ wọn: ẹni tó ní owó á mú díẹ̀ wá, ẹni tó ní iṣu á gbé iṣu wá. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn. Ẹnì kan ní láti máa kọ orúkọ ẹni tó ti san, ẹnì kan ní láti máa pín ohun tó wọlé láàárín àwọn olùkọ́, ẹnì kan sì ní láti máa bá àwọn tó gbé ìbọn sọ̀rọ̀ kí ọ̀nà ilé ìwé lè là. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ alákòóso gan-an nìyẹn, yálà wọ́n pe ara wọn ní COGES tàbí wọn kò pe ara wọn ní nǹkan kan.

Ibi tí agbára wọn pin sí ni ìdánwò. Ọmọ lè kàwé dáadáa lábẹ́ bénévole, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ọwọ́ ìjọba ni, ìjọba sì wà ní Àbíjàn. Wọ́n ń sún ìdánwò síwájú, ọmọ tó yẹ kó ti kọjá sí kíláàsì tó ga ń dúró lójú kan. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ouagadougou ní ọjọ́ 4, oṣù kẹta, ọdún 2007 ló la ọ̀nà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti padà. Ní ọjọ́ 30, oṣù keje ọdún náà, Ààrẹ Laurent Gbagbo àti Soro dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré Bouaké, wọ́n pè é ní iná àlàáfíà. Wàhálà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, kó tó wá rọlẹ̀ ní 2011.

Nígbà tí ìjọba padà dé, àwọn tó bá níbẹ̀ ti bọ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣòro láti sọ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sanwó kó sì máa lọ.

Àṣẹ kejì

Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 2012, àṣẹ mìíràn jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2012-488. Òun ló tún COGES tò. Ẹ̀yà mẹ́ta ló ní. Èkíní ni ìpàdé gbogboogbò. Èkejì ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ, níbi tí alága, akọ̀wé àti akápò ń jókòó sí. Ẹ̀kẹta ni àwọn olùṣàyẹ̀wò owó, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ṣí ìwé akápò wò, kí wọ́n sì jábọ̀ fún ìpàdé gbogboogbò. Ẹ̀ka kan sì wà ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó ń tọ́ àwọn COGES sọ́nà.

Ẹni tó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ ìlú rí yóò mọ ìdí tí ẹ̀yà kẹta fi ṣe pàtàkì. Alága a máa ní ọ̀rẹ́, akápò a máa ní ìtìjú, nígbà tí wọ́n bá sì jọ jẹun fún ìgbà díẹ̀, ìwé owó á di ohun tí wọ́n ń ṣí láàárín ara wọn nìkan. Olùṣàyẹ̀wò kì í na owó, kì í sì í gba owó. Nítorí náà kò ní ohun tí yóò fi bo ẹlòmíràn láṣìírí, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá lọ wá a. Ibi tí wọ́n bá ti fi ipò yìí sílẹ̀ láìyan ènìyàn sí i, tàbí tí wọ́n fi àbúrò alága sí i, ẹ̀yà méjì ni COGES náà ní, ohun yòówù kí àṣẹ sọ.

Nígbà yẹn, àpẹẹrẹ kan ti ń dàgbà ní Niger. JICA, àjọ ìrànwọ́ ilẹ̀ Jàpáànì, bá ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní École pour tous ní ẹkùn Tahoua ní ọdún 2004. Ohun tí wọ́n fi kún iṣẹ́ ìgbìmọ̀ rọrùn: kí ará abúlé dìbò ìkọ̀kọ̀ yan àwọn tí yóò ṣàkóso, kí ìgbìmọ̀ kọ ètò iṣẹ́ ọdún kan sílẹ̀, kí ìpàdé fọwọ́ sí i, kí ó sì padà wá ròyìn níwájú gbogbo ìlú. Obìnrin tí kò lè dìde tako ẹbí baálẹ̀ ní gbangba lè fi ìwé kékeré sínú àpótí, kó sì máa lọ sílé rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ètò náà tàn ká Niger, ó sì kọjá sí Sẹ̀nẹ̀gà, Burkina Faso, Málì àti Côte d'Ivoire.

Ní ọdún 2015, òfin 2015-635 sọ ilé ìwé di dandan fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìndínlógún. Òfin náà dára, àmọ́ ọmọ tí òfin bá mú wá sílé ìwé nílò ibi tí yóò jókòó sí. Ẹrù náà tún já lé COGES léjìká, ìráhùn ìgbà àtijọ́ sì tún gbérí: bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni owó COGES ń ṣe nínú rẹ̀? Òbí ti ń béèrè bẹ́ẹ̀ láti ọdún náà wá, kì í sì í ṣe ní Gbêkê nìkan.

Oúnjẹ ọ̀sán àti oògùn

Ibi tí àkóso àdúgbò ti tóbi jù lójú ọmọ kékeré ni oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọdún 1989, ìjọba àti Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní PAM níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé ìwé. Iye tí wọ́n ní kí ọmọ san fún àwo oúnjẹ kan ni 25 sẹ́fà. Owó ẹyọ kan ni. Ìyá lè so ó mọ́ etí aṣọ ọmọ kó má baà sọ nù lọ́nà. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń wá bí oúnjẹ náà kò ṣe ní dúró lé àpò ìrẹsì tó ti òkè òkun wá nìkan. Wọ́n kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nítòsí ilé ìwé: wọ́n á gbin ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, iṣu tàbí ẹ̀fọ́, wọ́n á fi apá kan ìkórè bọ́ ilé ìwé, wọ́n á sì ta ìyókù fún ara wọn.

Níhìn-ín ni a ti rí àwọn tí kì í jókòó sórí àga alága, àmọ́ tí nǹkan kò lè rìn láìsí wọn. Obìnrin tó ń se oúnjẹ mọ iye ọmọ tó wá lónìí ju ẹni tó ń kọ ìwé ìpè lọ. Ó mọ ọmọ tí kò mú owó oúnjẹ wá lọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì mọ̀ bóyá ọmọ náà sọ owó nù ni tàbí ìyá rẹ̀ kò ní. Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ rí i pé ọmọbìnrin ń fi ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n gbé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọbìnrin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ COGES. Iṣẹ́ àwọn ìyá wọ̀nyí ni láti lọ sílé ọmọ tó pa ilé ìwé jẹ, kí wọ́n bi í léèrè kí ló dé, kí wọ́n sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá.

Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, bí ogun ṣe ń parí, ìjọba tuntun Alassane Ouattara kéde pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Èrò ya wọ ilé ìwòsàn, oògùn tán. Ní ọdún 2012, wọ́n dín in kù sí aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti àwọn ìtọ́jú kan. Ẹ rántí ìlànà Bamako: owó tí aláìsàn san lónìí ni wọ́n fi ń ra oògùn tí ẹlòmíràn yóò lò lọ́la. Nígbà tí owó yẹn dáwọ́ dúró, tí èyí tí ìjọba ṣèlérí kò sì tètè dé, àwọn tó ń ṣọ́ ibùdó ìlera dúró síwájú pẹpẹ tó ṣófo, àwọn ni ará ìlú sì ń bínú sí. Àwọn kọ́ ló ṣe ìpinnu náà.

Oṣù tí owó ń wọlé

Ohun tí olú-ìlú kò lè mọ̀ nípa ilé ìwé, ìpàdé òbí lè mọ̀ ọ́n ní wákàtí kan. Bó ṣe máa ń rí nìyí: ohun tó bàjẹ́ á wà lára pátákó, páànù tí ìjì ṣí, bẹ́ǹṣì tí kò pé, ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò ní ilẹ̀kùn. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn á pín in sí orí àwọn òbí, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí wọn yóò san án máa ń fa ọ̀rọ̀ ju iye rẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé ní Côte d'Ivoire. Nǹkan bí oṣù kejì ni kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí àwọn tó ń rà á fi ń wọ abúlé. Ẹni tó bá ní kí ará oko san gbogbo owó ní oṣù kẹsàn-án ń béèrè ohun tí kò sí nílé. Yóò sì kọ orúkọ aláìní sílẹ̀ bí ẹni pé ọlọ̀tẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ tó mọ oko á pín owó náà sí méjì, díẹ̀ nígbà ìwọlé, èyí tó pọ̀ nígbà kajú. Á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní owó: kó bá wọn pọnmi sí sìmẹ́ǹtì, kó bá wọn ru búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà, akápò á dìde, á ka ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sókè ketekete, títí kan ìṣó àti owó ọkọ̀. Bí kò bá kà á, ìpàdé tó ń bọ̀ kò ní kún.

Iléṣà, Àbíjàn àti ẹni tó wà nílé

Àwa náà mọ irú iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934. Kò sí àṣẹ ìjọba tó rán wọn níṣẹ́. Àwọn ọmọ ìlú ló dá owó, wọ́n rò ó, wọ́n sì ṣe é. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìlú ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé ìwé ṣáájú kí ìjọba tó dé bá wọn. Iléṣà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, COGES bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí ọ̀kan bá dàgbà dáadáa, ibì kan náà ni yóò bá èkejì: ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ti lè béèrè ìwé owó.

Côte d'Ivoire náà ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tirẹ̀. Mutuelle ni wọ́n ń pè é, abẹ́ òfin ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ló sì wà títí di ọdún 2024. Ọmọ abúlé tó di ẹni ńlá ní Àbíjàn máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ilé ìgbẹ̀bí àti ilé olùkọ́. Owó wọn tóbi ju ti COGES lọ. Àmọ́ ẹni tó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó wá sílé fún ọdún Àjíǹde kọ́ ni yóò rí i nígbà tí òrùlé rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní oṣù kẹfà. Ẹni tó wà nílé ni yóò rí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọwọ́ tó wà nítòsí ní ohùn nínú bí wọ́n ṣe ń ná owó tí ọwọ́ ọ̀nà jíjìn mú wá.

Láti 1995 títí di òní, gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ìgbìmọ̀ yìí ní agbègbè Bouaké ń tọ́ka síbì kan. Àṣẹ fún un ní orúkọ. Ogun fi àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn hàn. Àṣẹ kejì fún òbí ní ọ̀nà láti béèrè. Ohun tó kù kò sí lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ òbí, Anàgó àti Baoulé, Dyula àti Senufo, ń rò pé nígbà tí àwọn ti san owó COGES, àwọn ti parí iṣẹ́ àwọn. Wọ́n ra ẹ̀tọ́ wọn, wọ́n sì fi sílẹ̀ sórí tábìlì. Bí wọ́n bá tún pe ìpàdé gbogboogbò, kí oníṣòwò pa ṣọ́ọ̀bù dé fún wákàtí kan. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò ṣàyẹ̀wò owó, tí gbogbo ènìyàn ń wolẹ̀, kí ẹni tó mọ ìṣirò nawọ́. Ipò náà kò ní ọlá bíi ti alága, kò sì ní àga tó ga. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó di àpò mú rántí pé àpò ẹlòmíràn ló dì mú.